Ta ló ni bẹ́ǹṣì iwájú? Ọ̀rọ̀ olówó àti mẹ̀kúnnù nínú ṣọ́ọ̀ṣì l'Abẹ́òkúta

Tí àsìkò ìkórè bá ti ń sún mọ́lé báyìí lọ̀rọ̀ yìí máa ń gbóná. Ẹnìkan á ju fídíò síta, wọ́n ń pe èèyàn jáde níbi ìkórè, "àwọn tó ní mílíọ̀nù kan, ẹ jó bọ̀ níwájú," ìlù á dún, àlùfáà á gbọ́wọ́ lé wọn lórí níkọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ẹ̀ ló máa kan àwọn tó ní ₦500,000, ó kan ₦100,000, wọ́n á máa sọ̀kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí tó fi máa dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ₦1,000, ìgbà yẹn onílù ti ń nu òógùn, àdúrà sì ti di ti gbogbo gbòò, "kí Ọlọ́run bù kún gbogbo yín." Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo gúrúùpù WhatsApp ti dá sí i. Àwọn kan á ní ṣọ́ọ̀ṣì ti dọjà, àwọn kan á ní ọ̀tá ìhìnrere ló ń sọ̀rọ̀, ẹlòmíràn á gbé ọ̀rọ̀ ìdá mẹ́wàá wọ̀ ọ́, ẹlòmíràn á gbé ti bàálù àwọn pásítọ̀ wọ̀ ọ́, gbogbo ẹ̀ á wá lọ́ pọ̀ bí òwú.

Mi ò fẹ́ bú ẹnikẹ́ni níbí. Mo kàn fẹ́ tú u palẹ̀ ni, torí nǹkan mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ làwọn èèyàn ń sọ pọ̀ bíi pé nǹkan kan náà ni: ìdá mẹ́wàá, owó ìkórè, oyè ìjọ, àti ibi tí kálukú ń jókòó sí. Lóòótọ́ wọ́n tan mọ́ra, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dà wọ́n pọ̀ ò ní í mọ ibi tí bàtà ti ń ta òun lẹ́sẹ̀ gan-an. Abẹ́òkúta ni mo sì máa fi ṣàlàyé ẹ̀, torí ṣọ́ọ̀ṣì ti pẹ́ níbí, ọ̀rọ̀ yìí náà sì ti pẹ́ níbí.

Kí ló dé tó fi wá gbóná tó báyìí?

Ebi ni àkọ́kọ́. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, epo tá à ń rà ní kò tó ₦200 lítà kan ti kọjá ₦1,000 nígbà tó di 2024. Àjọ NBS tó ń ṣírò ọ̀rọ̀ ìlú ní ọ̀wọ́n gógó ọjà lé ní 34% ní oṣù Kejìlá 2024. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba Ògùn fọwọ́ sí lọ́dún yẹn ni ₦77,000. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ díẹ̀: ẹni tó bá ń gba ₦77,000, tó sì ń san ìdá mẹ́wàá, ₦7,700 ti lọ. Kó wá ku owó ẹgbẹ́, aṣọ ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi jó lọ́jọ́ ìkórè, ẹ́ńfẹ́lọ́ọ̀pù ìkórè tí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sí, ti àwọn ọmọ náà lọ́tọ̀, àti ọkọ̀ láti Ọ̀bàntókò wá sí Aké lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba nìyẹn o. Ìyá tó ń ta àdìrẹ níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn n'Ítòkú, tàbí ọlọ́kadà tó ń ná Lafenwa, kò sẹ́ni tó fọwọ́ sí owó oṣù kankan fún wọn.

Nígbà tí nǹkan ò tíì le, ẹni tó dá ₦50 àti ẹni tó dá ₦5,000 lè jọ jẹ ìrẹsì kan náà lẹ́yìn ìsìn kí wọ́n sì gbàgbé ẹ̀. Ní báyìí àlàfo àárín wọn ti fẹ̀ débi pé ojú lásán ti ń rí i.

Ìkejì ni pé àwọn aṣáájú fúnra wọn ti ń sọ̀rọ̀ owó ní gbangba. Ní 2017 ni Daddy Freeze, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, gbé ọ̀rọ̀ ìdá mẹ́wàá sórí íntánẹ́ẹ̀tì tó di àríyànjiyàn jákèjádò orílẹ̀-èdè. Nígbà tó di ìparí 2024, Pásítọ̀ Adébóyè ti Ridíìmù fúnra ẹ̀ tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ tóun ti sọ rí pé ẹni tí kò bá san ìdá mẹ́wàá ò ní í dé ọ̀run. Kò ní kí wọ́n má san án mọ́ o, ibẹ̀ yẹn lọ̀pọ̀ èèyàn ti ṣì í gbọ́. Ohun tó yí padà ni pé àwọn tí kì í lè béèrè ìbéèrè tẹ́lẹ̀ wá rí i pé ìbéèrè ṣeé bi.

Ṣé nǹkan tuntun ni?

Rárá o. Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dé Abẹ́òkúta ní oṣù Kejìlá 1842, Henry Townsend ti CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà, dé ní oṣù Kìn-ín-ní 1843, Ṣódẹkẹ́ tó jẹ́ olórí Ẹ̀gbá sì gbà wọ́n tọwọ́ tẹsẹ̀, nígbà tó wá di 1846 Townsend àti Àjàyí Crowther padà wá, wọ́n sì dúró. Àwọn Sàró wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ ìjọ múlẹ̀, ìyẹn àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti tà lẹ́rú rí tí wọ́n gba ọ̀nà Sierra Leone padà wálé. Olówó ìgbà yẹn ò rọ́nà wọlé wọ̀ọ̀rọ̀wọ́, torí ìyàwó púpọ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi ń mọ èèyàn ńlá, CMS ò sì ń rì ọkùnrin tó bá ní ju ìyàwó kan lọ bọmi, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń rì àwọn ìyàwó ẹ̀ bọmi. Ìyàwó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, baba olówó wà níta. Mo máa ń fẹ́ káwọn èèyàn rántí ìyẹn tí wọ́n bá ń sọ pé látilẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì ti jẹ́ ti olówó.

Àmọ́ kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi yí. Láàrin 1877 sí 1880, James Johnson, àlùfáà tó jẹ́ ọmọ Sàró, ni CMS fi ṣe alábòójútó níbí. Ọ̀rọ̀ méjì ló gbé dání: kí àwọn ọmọ ìjọ máa dá owó tí ìjọ á fi gbọ́ bùkátà ara ẹ̀, àti kí onígbàgbọ́ má ṣe ní ẹrú mọ́. Àwọn tó ní ẹrú nínú ìjọ kì í ṣe èèyàn kékeré, oko wọn àti òwò wọn, ẹrú ló ń ṣe é. Wàhálà bẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì gbé Johnson kúrò ní 1880. Ẹ wò ó dáadáa, ọ̀rọ̀ tá à ń jà lé lórí lónìí ti wà níbẹ̀ nígbà yẹn: ìjọ nílò owó, ọwọ́ àwọn kan lowó wà, ẹni tó bá sì bá àwọn yẹn wí gbọ́dọ̀ ṣe tán láti jẹ ìyà ẹ̀.

Ilé ìwé ló wá ṣe èyí tó kù. Abẹ́òkúta Grammar School bẹ̀rẹ̀ ní 1908, Baptist Boys' High School ní 1923. Ọmọ tó bá gba ibẹ̀ jáde ló ń di akọ̀wé, lọ́yà, dókítà, àwọn yẹn náà ló ń padà wá jókòó síwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì bàbá wọn. Àwọn obìnrin tó kàwé nínú ìjọ ń wọ kábà, àwọn ìyá ọlọ́jà ń ró ìró, aṣọ nìkan ti tó láti fi mọ ẹni tó jẹ́ ta ni. Nígbà tí Funmilayo Ransome-Kuti, ìyàwó àlùfáà, dá Abeokuta Ladies' Club sílẹ̀ ní 1932, àwọn tó kàwé ló wà níbẹ̀. Ìgbà tí àwọn ọlọ́jà wá dara pọ̀ mọ́ wọn, tí ẹgbẹ́ yẹn sì di Abeokuta Women's Union ní 1946, obìnrin yìí pa kábà tì, ìró àti bùbá ló ń wọ̀ kiri káwọn ọlọ́jà má bàa máa wo òun bí ọ̀gá. Ẹgbẹ́ yẹn ló bá owó orí jà títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí oyè ní 1949. Èmi ò rí àpẹẹrẹ tó dà bíi tiẹ̀ nínú ìtàn ìlú yìí, pé ẹni tí ṣọ́ọ̀ṣì gbé sókè mọ̀ọ́mọ̀ sọ̀kalẹ̀ wá bá àwọn tó wà lẹ́yìn.

Báwo lowó ṣe ń wọlé ní ṣọ́ọ̀ṣì?

Ibí ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀ torí ibí ni gbogbo ẹ̀ so rọ̀ sí.

Nínú àwọn ìjọ àtijọ́, Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì, Áfíríkà, owó kéékèèké wà: ọrẹ ọjọ́ ìsinmi, owó kíláàsì (ìyẹn ìsọ̀rí kéékèèké tí wọ́n pín ọmọ ìjọ sí), owó ẹgbẹ́. Owó ńlá náà wà: ìkórè, ìdúpẹ́, lọ́ńṣìn tí wọ́n bá fẹ́ kọ́lé tàbí ra dùrù, àti bàsá tí wọ́n ti ń fi iṣu kan ṣoṣo pa owó tó lè ra àpò iṣu. Ìjọ tuntun náà ní tiwọn, ìdá mẹ́wàá, àkọ́so, irúgbìn, owó iṣẹ́ àkànṣe. Owó tó ń wọlé yìí kì í dúró níbẹ̀ o. Ìjọ Áńgílíkà ń san owó tí dáyọ́sìsì, ìyẹn àgbègbè tó wà lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù, bù fún wọn, wọ́n ń pè é ní asẹ́símẹ́ǹtì, bí ìjọ bá ṣe tóbi tó lowó yẹn ṣe ń pọ̀ tó. Àwọn ìjọ tuntun ń fi ìdá kan nínú owó wọn ránṣẹ́ sí olú ilé ìjọ. Ó ku owó oṣù àlùfáà, ti ẹni tó ń tẹ dùrù, ti bàbá tó ń gbálẹ̀, dísù jẹnẹrétọ̀, páànù tó ń jò.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Ká ní ìjọ kan ní 200 èèyàn, tí kálukú ń dá ₦500 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìyẹ̀. ₦100,000 nìyẹn lọ́sẹ̀. Ọkùnrin kan wá dé lọ́jọ́ ìkórè, ó ṣe alága, ó kọ ₦5,000,000 sílẹ̀. Ohun tí igba èèyàn máa fi àádọ́ta ọ̀sẹ̀ dá, ẹnìkan fi ọ̀sán kan dá a. Kò sí wọ́dìn, ìyẹn ẹni tó ń bójú tó owó àti ilé ìsìn, tó máa rí ìyẹn tí kò ní í dìde. Kì í ṣe pé ọkàn ẹ̀ burú, òun ni wọ́n máa bi léèrè tí wọ́n bá wá gé iná.

Àwọn àgbà ní owó ní tóun ò bá sí nílé, kẹ́nikẹ́ni má ṣe dábàá kankan lẹ́yìn òun. Ìjọ tó bá jẹ́ ẹni mẹ́ta ló ń gbé e dúró, ẹni mẹ́ta yẹn ni ìpàdé á máa wò lójú kí wọ́n tó pinnu, bí wọn ò tiẹ̀ sọ nǹkan kan. Mo rò pé ìyẹn gan-an ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí ju ojúkòkòrò pásítọ̀ kan lọ, àmọ́ òun làwọn èèyàn kì í sọ.

Oyè ìjọ ńkọ́, ṣé owó ni wọ́n fi ń rà á?

Ó gba àlàyé. Bàbá Ìjọ, Ìyá Ìjọ, wọ́dìn, Balógun Onígbàgbọ́, oyè wọ̀nyí ò bẹ̀rẹ̀ lórí owó. Balógun Onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ táwọn èèyàn máa ń dárúkọ l'Abẹ́òkúta, John Òkénlá, jagunjagun ni, àwọn onígbàgbọ́ ló kó lọ sójú ogun. Bàbá Ìjọ tẹ́lẹ̀ ni àgbà tó ti pẹ́ nínú ìjọ, tí wọ́n máa ń pè tí tọkọtaya bá jà, tí àlùfáà fúnra ẹ̀ ń bẹ̀rù.

Yorùbá sì mọ ìyàtọ̀ àárín olówó àti bọ̀rọ̀kìní, torí olówó lè wà kó má lọ́lá, bọ̀rọ̀kìní sì lè má fi bẹ́ẹ̀ lówó àmọ́ tó bá sọ̀rọ̀ ilé á pa lọ́lọ́. Oyè ìjọ, ti bọ̀rọ̀kìní ni. Ohun táwọn tó ń ráhùn ń sọ ni pé ó ti ń di ti olówó: ẹni tó darapọ̀ lánàá, tó ń gbé l'Ékòó tàbí Abuja, tó kàn ń wá sílé fún ọdún, wọ́n á fún un loyè, ìwúyè á wà, ayẹyẹ á wà, òun náà á sì dáwó. Àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn ní ọmọ ìjọ náà ni, bàbá ẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́ ilé ìsìn yẹn, kí ló burú níbẹ̀. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ onígbàgbọ́ nìkan, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí bí ti Bàbá Àdínì àti Ìyá Àdínì ṣe ń lọ, bákan náà lọmọ ṣe orí.

Kí ni ti bẹ́ǹṣì iwájú gan-an?

Mo wà níbi ìkórè kan l'Abẹ́òkúta níbí lọ́dún tó kọjá, mi ò ní í dárúkọ ìjọ náà. Màmá kan ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì kẹta láti aago mẹ́jọ, wọ́n ti dàgbà, wọ́n mú Bíbélì wọn dání, wọ́n ti ró aṣọ òfì wọn tó ti pẹ́. Ìgbà tó di aago mẹ́wàá kọjá, alága dé pẹ̀lú àwọn èèyàn ẹ̀, ọkọ̀ mẹ́rin, ọ̀kan nínú àwọn ọ́ṣà tó ń júwe àyè wá tẹ̀ sí wọn létí. Ó kúnlẹ̀ o, ó fi "ẹ jọ̀ọ́ Mà" sọ ọ́. Màmá dìde, wọ́n kó báàgì wọn, wọ́n rìn lọ sẹ́yìn. Wọn ò janpata. Èmi ni mi ò lè gbọ́ ìwàásù yẹn dáadáa mọ́.

Àwọn ọ́ṣà náà ní tiwọn tí wọ́n ń sọ. Wọ́n ní àlejò ni alága, Yorùbá kì í fi àlejò sẹ́yìn. Wọ́n ní tó bá jẹ́ olóṣèlú ni, ọlọ́pàá tó tẹ̀ lé e ló máa ń sọ ibi tó fẹ́ kó wà. Wọ́n tún ní àwọn àgbà ìjọ fúnra wọn ló ń fún wọn ní ìwé ibi tí kálukú máa jókòó sí, ọmọ iṣẹ́ làwọn.

Àwọn tó ń takò ó máa ń na lẹ́tà Jákọ́bù orí kejì síta, níbi tó ti sọ̀rọ̀ ọkùnrin tó wọ òrùka wúrà wọ inú ìpéjọpọ̀ wá tí wọ́n fún un níbi dáradára, tí wọ́n sì ní kí tálákà lọ dúró lọ́hùn-ún, Jákọ́bù pe ìyẹn ní ojúsàájú. Ọ̀rọ̀ yẹn náà wà nínú lẹ́tà sí àwọn ará Kọ́ríńtì, níbi tí àwọn kan ti ń jẹ tiwọn yó tí ebi sì ń pa àwọn tó kù nídìí oúnjẹ Olúwa. Àwọn òyìnbó tó mú ìsìn wá náà ò mọ́ nínú ẹ̀ o, láyé àtijọ́ n'Ílùú Ọba, àwọn ìdílé ń sanwó lọ́dọọdún kí bẹ́ǹṣì kan lè jẹ́ tiwọn, tálákà á jókòó síbi tí wọn ò gbowó lé.

Kí làwọn tó ń gbè é lẹ́yìn ń sọ ná?

Wọ́n lọ́rọ̀ lẹ́nu, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká fojú di wọ́n. Wọ́n ní yinni yinni kẹ́ni ó ṣe mìíràn. Wọ́n ní tí wọn ò bá yin ẹni tó gbé páànù sórí ilé ìsìn, ó máa gbé owó ẹ̀ lọ síbòmíràn, ìjọ tó máa gbà á ò sì wọ́n. Wọ́n ní owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Wọ́n tún ní ọ̀pọ̀ olówó yìí ló ń san owó ilé ìwé ọmọ tálákà nínú ìjọ láìjẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀, òótọ́ sì ni, mo mọ ọmọ tó kàwé gboyè nípa bẹ́ẹ̀.

Èsì àwọn tó kù ni pé ọpẹ́ yàtọ̀ sí ìtò. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, àmọ́ ẹ má fi iye tó dá to èèyàn níwájú Ọlọ́run, ẹ má sì jẹ́ kí ìyẹn sọ irú àdúrà tí wọ́n máa gbà. Wọ́n máa ń rán àwọn èèyàn létí opó tó fi kóbọ̀ méjì sínú àpótí tí Jésù ní tiẹ̀ ló pọ̀ jù. Àwọn àlùfáà wà láàrin. Ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ̀ pé kò dáa, àmọ́ ìjọ tí asẹ́símẹ́ǹtì ẹ̀ ò bá pé, àlùfáà ni bíṣọ́ọ̀bù máa pè.

Ṣé òfin ò sọ nǹkan kan?

Òfin ò sọ ibi tí ẹnikẹ́ni máa jókòó sí. Ó sọ̀rọ̀ nípa ìṣirò owó. Ìlànà kan látọ̀dọ̀ FRC, àjọ tó ń bójú tó ìṣirò owó, ló mú kí Pásítọ̀ Adébóyè fi ipò alábòójútó ti Nàìjíríà sílẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní 2017, torí ìlànà náà ò jẹ́ kí olórí irú àjọ bẹ́ẹ̀ kọjá 20 ọdún lórí àléfà, ìjọba dá ìlànà náà dúró láìpẹ́, wọ́n sì yọ ọ̀gá FRC. Lẹ́yìn náà ni òfin CAMA ti 2020 tó ń darí ilé iṣẹ́ àti àjọ dé, abala 839 gba CAC, àjọ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀, láàyè láti dá àwọn tó ń bójú tó àjọ bíi ṣọ́ọ̀ṣì dúró tí wọ́n bá ṣe owó báṣubàṣu, ọ̀pọ̀ olórí ìjọ tako ìyẹn gidi, wọ́n ní ìjọba fẹ́ wọ inú ilé Ọlọ́run. Ní ti owó-orí, wọn ò gba owó-orí lórí ọrẹ, àmọ́ tí ìjọ bá ń ṣòwò, wọ́n máa gba owó-orí lórí èrè òwò yẹn.

Ohun kan wà táwọn èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ fura sí: náírà tí wọ́n ń ná mọ́ọ̀yàn lórí níbi ìdúpẹ́, abala 21 òfin CBN, báńkì àpapọ̀, ti 2007 kà á léèwọ̀, oṣù mẹ́fà lẹ́wọ̀n tàbí ₦50,000 ó kéré tán. Ó pẹ́ tí wọn ò ti kà á sí, títí EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì owó, fi gbé Bobrisky, gbajúmọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ sílé ẹjọ́ tó sì gba oṣù mẹ́fà ní 2024. Òfin yẹn ò yọ ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

Ta lọ̀rọ̀ yìí ń pa lára jù?

Ẹni tó kú. Mo mọ̀ pé ó le gbọ́, àmọ́ ibẹ̀ ló ti ń hàn jù. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ àtijọ́, kí wọ́n tó gbà láti gbé òkú wọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á kọ́kọ́ gbé káàdì olóògbé wò, owó kíláàsì ẹ̀, owó ìkórè ẹ̀, èyí tó jẹ kù. Àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ san án kí wọ́n tó dáhùn. Ìdí ẹ̀ ni pé ẹni tó bá mọ̀ pé ìjọ á sin òun ló yẹ kó gbé ìjọ ró nígbà tó wà láyé, ìyẹn ò burú létí. Àmọ́ ẹni tí kò lówó láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni kò san án, kì í ṣe ẹni tó kórìíra ìjọ. Ẹlòmíràn nínú wọn ò tiẹ̀ wá mọ́ torí ojú ń tì í láti wá lọ́wọ́ òfìfo lọ́jọ́ ìkórè, bó ṣe di pé wọ́n ń pè é ní aláìwá nìyẹn.

Àwọn ọ̀dọ́ tẹ̀ lé e, àwọn kan ń lọ sí ìjọ tí wọn ò ti mọ ilé wọn, àwọn kan ò lọ sí ibì kankan mọ́. Lẹ́yìn wọn ni ìjọ fúnra ẹ̀, torí ìbò 2027 ti ń bọ̀, àsìkò ìkórè lolóṣèlú sì máa ń rántí ìjọ bàbá ẹ̀. Ẹni tí ìjọ bá ti gba mílíọ̀nù ẹ̀ níwájú gbogbo ayé, ó ṣòro kí ìwàásù ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e bá a wí.

Àwọn ìjọ kan ti ń dán nǹkan mìíràn wò. Àwọn kan ti pa pípe iye owó rẹ́, kálukú á fi ẹ́ńfẹ́lọ́ọ̀pù tó lẹ̀ pa sínú àpótí, tàbí kó fi fóònù ránṣẹ́ sí àkáǹtì, gbogbo ìdílé á sì jọ jó lọ síwájú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn kan ní àkáǹtì lọ́tọ̀ fún ìsìnkú àwọn tí kò ní. Àwọn wọ́dìn tó ń bẹ̀rù ní owó máa já wálẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Ìpàdé ìkórè ti ń lọ lọ́wọ́ báyìí nínú ọ̀pọ̀ ìjọ láti Ìgbẹ̀in dé Asérò, ìwé ibi tí kálukú máa jókòó sí sì wà lára ohun tí wọ́n máa fọwọ́ sí níbẹ̀.